Ìjókòó Ẹ̀yìn Àṣá

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìròyìn náà dé, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá ààbọ̀ òwúrọ̀, nígbà tí Onígíláàsì tẹrí ba sídìí ẹ̀rọ tó fi ń lọ̀ dígí awò ojú, tí omi tútù ń sun sórí dígí náà kí ó má baà gbóná. Dígí ojú ọ̀tún olùkọ́ ìṣirò kan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ tí wọn kì í bá ènìyàn sọ̀rọ̀ nídìí rẹ̀ ni, nítorí bí ọwọ́ bá yẹ̀ ní ìwọ̀n fọ́nrán irun kan péré, olùkọ́ ìṣirò á bẹ̀rẹ̀ sí í rí méje níbi tí ọ̀kan wà. Fóònù dún títí ó fi dákẹ́. Ó tún dún, ó tún dákẹ́. Nígbà tó dún lẹ́ẹ̀kẹta ló pa ẹ̀rọ, ó nu ọwọ́, ó gbé e.

Ọkùnrin kan ni, ohùn rẹ̀ já gaara bí ohùn ẹni tí ọjà ń tà fún. Ó ní òun ń wá Ìyáàfin. Onígíláàsì dá a lóhùn pé wọn ò sí nílé.

Bó ṣe sọ ọ́ ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu. Ó ti di ọdún kan àti oṣù méjì tí wọ́n ti sin ìyàwó rẹ̀. Ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún ẹni tó lé ní igba pé obìnrin náà ti kú. Ó sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sọ ọ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́, ó sọ ọ́ fún obìnrin tó ń ta ìwé ìròyìn ní ìta. Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, "wọn ò sí nílé" ló bọ́ sí i lẹ́nu, àfi bí ẹni pé búrẹ́dì ló lọ rà.

Ọkùnrin náà ní kò burú, kí wọ́n ṣáà bá òun jíṣẹ́ fún wọn pé alùpùpù tí wọ́n forúkọ sílẹ̀ fún ti dé. Alùpùpù eré-ìje ni, ẹ̀dà tuntun tí àwọn ènìyàn ti ń dúró dè láti nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Ilé ìtajà á bá wọn tọ́jú rẹ̀ di ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta. Bí wọn ò bá yọjú, ó di ti ẹni tó tẹ̀ lé wọn nínú ìwé. Kí wọ́n má sì gbàgbé láti mú ti àtijọ́ dání, nítorí pàṣípààrọ̀ ni wọ́n kọ.

"Ti àtijọ́ wo?" ni Onígíláàsì bèèrè.

"Pupa tó wà nílé yín, sà. Wọ́n kọ ọ́ síbí pé àwọn máa fi í sílẹ̀ fún wa."

Onígíláàsì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì jókòó. Kò padà sídìí ẹ̀rọ mọ́ títí di ọ̀sán. Olùkọ́ ìṣirò wá gba awò rẹ̀, kò bá a, ó sì bínú lọ. Onígíláàsì ò tilẹ̀ gbọ́ nǹkan tó sọ.

Kò sí ẹni tí kò mọ alùpùpù pupa náà ládùúgbò. Ọdún kejìlélógún rèé tó ti wà nílé wọn. Àṣá ni wọ́n ń pè é, nítorí bó ṣe máa ń tẹ apá kan sílẹ̀ bó bá ń ṣẹ́ kọ́nà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á ni tọkọtaya náà ti máa ń gùn ún ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ìsìn, ọkọ níwájú, aya lẹ́yìn, wọn á gba ojú títì tó lọ sórí òkè, wọn á dé ibi tí táǹkì omi ńlá wà, wọn á mu tíì tí wọ́n gbé dání, wọn á sì padà. Ìsọ̀ Onígíláàsì wà ní ìsàlẹ̀ ilé tí wọ́n ń gbé. Àtẹ̀gùn ló ń sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Nítorí náà, kò sí ohun tó ń gbé e gun Àṣá láìsí ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá gùn ún, àwọn méjèèjì ni.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní tí wọ́n gùn ún, ó sáré débi pé ẹ̀rù ba òun tó ń wà á. Nígbà tí wọ́n dúró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ìyàwó rẹ̀ kó má bínú. Obìnrin náà bọ́ akoto kúrò lórí, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó ní, "Kò sáré tó." Láti ọjọ́ náà ni ọkọ rẹ̀ ti ń pè é ní Kò-sáré-tó, tí àwọn ẹbí sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Kò-sáré-tó ló dá àṣà kan sílẹ̀ pẹ̀lú: bó bá ti jókòó dáadáa tán, á fi ìka kan akoto ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kó, kó. Ìyẹn ni pé, ó yá. Bí kò bá tíì kàn án, Àṣá ò gbọdọ̀ gbéra.

Òun náà ló sì búra, lọ́jọ́ tí aládùúgbò kan fẹ́ rà á lọ́wọ́ wọn, pé ọjọ́ tí Àṣá bá jáde nílé yìí, òun náà á jáde. Òun ló wá kọ́kọ́ jáde.

Ohun tó da orí Onígíláàsì rú nìyí. Báwo ni ẹni tó búra báyẹn ṣe máa lọ forúkọ sílẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́, kí ó sì kọ ọ́ pé kí wọ́n wá mú Àṣá lọ? Bó bá jẹ́ pé ó ti sú u ni, kí ló dé tí kò sọ? Ohun kan tún wà tí kò fẹ́ jẹ́wọ́ fún ara rẹ̀. Láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá gun Àṣá, lóṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, alùpùpù náà ti yí ìwà padà. Bó bá dé kọ́nà, kò ní dúró kí wọ́n pàṣẹ fún un, á ti fẹ́ dùbúlẹ̀ sí i. Kòtò tí kò jìn tó ìka méjì, á ta olówó rẹ̀ sókè bí ẹṣin tí àlejò gùn. Bó bá tẹ bíréèkì, ìdí rẹ̀ á yọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́. Ní oṣù tó kọjá, ó yọ̀ báyẹn níwájú ilé, ojú ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ṣe. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ pé ogún ọdún kì í ṣe ogún ọjọ́, pé Àṣá ti darúgbó. Òun náà ti ń rò ó nínú ara rẹ̀ pé bóyá kí òun tà á. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìpè yẹn wá dé bí ẹni pé ẹnì kan gbọ́ ohun tó ń rò.

Ní Ọjọ́rú, ó ti ìsọ̀ pa, ó lọ sí ilé ìtajà náà.

Ọkùnrin olóhùn gaara náà jáde sí i, ó wọ ẹ̀wù funfun tó lè gún ènìyàn lójú. Nígbà tí Onígíláàsì sọ fún un pé Ìyáàfin ti ṣaláìsí, ó pa ojú dé, ó ní kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, ó sì mú fọ́ọ̀mù jáde. Onígíláàsì mọ ìkọ̀wé náà kó tó kà á. Lẹ́tà rẹ̀ tẹ̀ sí ọ̀tún, gbogbo wọn ga bákan náà, bí àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ṣe kọ́ ọ. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, àdírẹ́sì wà níbẹ̀, àwọ̀ pupa wà níbẹ̀. Ọjọ́ tó kọ ọ́ náà wà níbẹ̀, Onígíláàsì sì ṣírò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀: ọjọ́ mẹ́jọ ṣáájú ọjọ́ tí dókítà pe àwọn méjèèjì jókòó tó sọ ohun tó ń ṣe obìnrin náà fún wọn.

Ní ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀mù ni àpótí kékeré méjì wà. Wọ́n kọ "ìjókòó ẹni méjì" sí iwájú ọ̀kan, wọ́n kọ "ìjókòó ẹni kan" sí iwájú èkejì. Kò-sáré-tó fa ìlà rẹ̀ sínú ti ẹni kan.

Onígíláàsì ka ibẹ̀ bí ìgbà mẹ́fà. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún kà á.

Ó yẹ kí ẹni tó ń ka ìtàn yìí mọ ohun kan nípa obìnrin náà. Ọkọ rẹ̀ ń ṣe awò fún gbogbo ìlú, ṣùgbọ́n obìnrin náà kò gbà kí awò gun orí imú òun. Méje ni ọkọ rẹ̀ ṣe fún un. Ọ̀kan wà nínú ìwé orin rẹ̀ tó fi ń sàmì sí ojú ewé, méjì wà nínú dúrọ́ọ̀, ìyókù, Ọlọ́run ló mọ ibi tí wọ́n wọlẹ̀ sí. Á ní ojú tí òun fi rí ọkọ yàn kò nílò awò. Ọkọ rẹ̀ á fèsì pé ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ ni pé ibẹ̀ gan-an ló ti yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Ó ti ṣe ẹlẹ́rìí rí níbi ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ojú ìlà tó yẹ kí ìyàwó fọwọ́ sí ló sì fọwọ́ sí, tí àlùfáà fi ní kí wọ́n mú ìwé mìíràn wá kó má baà di pé ọkọ gbé ẹni tí kì í ṣe tirẹ̀ lọ ilé. Nítorí náà, ìlà tó fà sínú àpótí yìí lè jẹ́ àṣìṣe ojú. Ó sì lè má jẹ́ àṣìṣe. Bó bá jẹ́ pé ara rẹ̀ ti sọ fún un kí dókítà tó sọ, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ló sọ síbẹ̀, tó sì fi í ránṣẹ́ pé kó dé lẹ́yìn òun.

Ọ̀rọ̀ náà wá di bí mo yí síhìn-ín, bí mo yí sọ́hùn-ún. Bó bá gba alùpùpù tuntun, ó gba ohun tí ìyàwó rẹ̀ fúnra rẹ̀ yàn fún un, àmọ́ Àṣá lọ. Bó bá pa Àṣá mọ́, ó pa ìbúra ìyàwó rẹ̀ mọ́, àmọ́ ó kọ ẹ̀bùn ìkẹyìn tó fún un. Ẹni kan náà ló fi ọwọ́ ọ̀tún pè é, tó fi ọwọ́ òsì tì í.

Ọkùnrin náà ní kó gùn ún wò. Alùpùpù tuntun náà dùn ún wò lóòótọ́. Ìjókòó rẹ̀ kúrú, ìdí rẹ̀ ga sókè bí ti agbọ́n, kò sí ibi tí ẹlòmíì lè gbé ìdí lé. Onígíláàsì gun orí rẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì, ẹ́ńjìnnì dáhùn wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó di ọwọ́ mú. Ó jókòó. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ojú títì ṣófo, òun ṣì jókòó.

"Ẹ lè máa lọ, sà," ni ọkùnrin náà wí nígbà tó pẹ́.

Ìgbà náà ló yé Onígíláàsì pé kó, kó lòun ń dúró dè.

Ó gbéra. Ó yí ilé ìtajà ká, ó bọ́ sí ojú títì ńlá, ó ṣẹ́ kọ́nà mẹ́ta. Alùpùpù náà ń ṣẹ́ wọn bí omi ṣe ń ṣẹ́ kọ́nà òkúta. Ó gbádùn rẹ̀. Ohun tó burú jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyẹn, pé ó gbádùn rẹ̀, tí ẹ̀rín sì bọ́ sí i lẹ́nu nínú akoto níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti rí i. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ojú ń tì í bí ẹni tí wọ́n bá nílé onílé. Ó ní òun á padà wá. Ọkùnrin náà ní kò burú, ṣùgbọ́n kó mú ìwé wá láti ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì tó máa sọ bí ara alùpùpù àtijọ́ ṣe rí.

Ní Ọjọ́bọ̀ ló gun Àṣá lọ sí ọ̀dọ̀ Ìyá Sípánà.

Obìnrin kúkúrú kan ni Ìyá Sípánà, ó lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún. Inú gáréèjì tó gùn tóóró bí kọ̀rídọ̀ ló ti ń tún alùpùpù ṣe. Ó to nọ́ọ̀tì àti bóòtì sínú agolo mílíìkì lára ògiri, rédíò rẹ̀ kì í dákẹ́, ó sì fi okùn bàtà so awò ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn. Onígíláàsì ló ṣe awò náà. Bí ó ti rí i tó ń bọ̀, ó ní awò náà ti dára jù, láti ìgbà tí òun ti wọ̀ ọ́ lòun ti ń rí ìwà àwọn oníbàárà òun kedere, kò sì ṣe òun láǹfààní kankan.

Onígíláàsì sọ fún un pé ìwé lòun wá gbà, pé Àṣá ti darúgbó, òun sì fẹ́ fi ṣe pàṣípààrọ̀. Ìyá Sípánà wò ó sókè sódò. Ó gba kọ́kọ́rọ́, ó gun Àṣá, ó lọ dé ìparí àdúgbò, ó padà. Ó tún lọ. Nígbà tó padà lẹ́ẹ̀kejì, ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó nà gbalaja sórí páálí, ó ń wo ìdí Àṣá láti ìsàlẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Ìgbà wo lẹ fọwọ́ kan òrùka yìí gbẹ̀yìn?" ni ó bèèrè láti ilẹ̀.

Onígíláàsì bẹ̀rẹ̀, ó wò ó. Òrùka irin kan ni, ó yí sípíríǹgì ẹ̀yìn ká, ó ní eyín méje, bí eyín tí wọ́n yí i dé bá ṣe pọ̀ tó ni sípíríǹgì náà ṣe máa ń le tó. Ó rántí rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n ra Àṣá ni. Ẹni tó tà á fún wọn bèèrè pé ṣé ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa máa gùn ún, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, ó wo Ìyáàfin láti òkè délẹ̀, ó sì fi sípánà yí òrùka náà dé eyín keje. Kò-sáré-tó rẹ́rìn-ín títí, ó ní wọ́n ń wọn òun bí àpò sìmẹ́ńtì.

"N ò fọwọ́ kàn án rí," ni Onígíláàsì wí.

Ìyá Sípánà dìde, ó gbọn eruku ara rẹ̀ nù. Ó ní kò sí àìsàn kankan lára Àṣá. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ le, férémù rẹ̀ tọ́. Ẹni méjì ni wọ́n ṣètò sípíríǹgì rẹ̀ fún, ẹnì kan ṣoṣo ló wá ń jókòó lé e. Ìdí rẹ̀ kò rí ẹrù tó máa tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, ó wá ga, ó sì le gbagidi. Òun ló fi ń ju ènìyàn sókè nínú kòtò, òun ló fi ń já bọ́ sínú kọ́nà, òun ló fi ń yọ̀ tí wọ́n bá tẹ bíréèkì. Eyín kejì ló yẹ kó wà.

Onígíláàsì dúró bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Òun tó ń fi ìwọ̀n irun orí wọn ojú àwọn ẹlòmíì. Oṣù mẹ́jọ ló fi ń jókòó lórí nǹkan náà, tó ń sọ pé alùpùpù ló bàjẹ́.

Ìyá Sípánà na ọwọ́ mú sípánà, ó ní ìṣẹ́jú méjì ni. Kó tó fi kan òrùka, Onígíláàsì ti di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má yí i."

"Kí ló dé?"

Ó ṣì di ọwọ́ náà mú. Ìyá Sípánà rọra gba ọwọ́ rẹ̀ padà. Ó ti mọ Kò-sáré-tó dáadáa. Òun ló ń bá a ran ibọ̀wọ́ aláwọ rẹ̀ bó bá ti já. Ó pa rédíò, ohun tí ẹnikẹ́ni ò rí i ṣe rí.

"Ẹ gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi," ni ó wí. "Ilé lódindi lẹ fẹ́ tà, nítorí pé ẹ ò fẹ́ gbé àga kan kúrò nínú yàrá."

Onígíláàsì gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, kò gba ìwé, ó gun Àṣá lọ ilé bó ṣe wà. Kòtò mẹ́rin ló wà lọ́nà, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ta á sókè. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sọ pé wọ́n dùn mọ́ ọn.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, wá kí i ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì lẹ́yìn iṣẹ́. Ó po tíì fún bàbá rẹ̀ àti fún ara rẹ̀, ó sì bọ́ bàtà. Onígíláàsì rò fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó fi àwòrán fọ́ọ̀mù tó yà sínú fóònù rẹ̀ hàn án. Ọmọ náà kà á, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó ní Màámi ò mọ ohun tó wà nínú fọ́ọ̀mù kankan rí láyé wọn. Ó ní nígbà tí wọ́n gbà wọ́n sí ọsibítù, ibi tí wọ́n ti bèèrè iye ọmọ, iye ọdún wọn ni wọ́n kọ síbẹ̀, ni àwọn nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ òun fi ń kí òun kú àbúrò mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí tí tíì fi dà sí i lẹ́sẹ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti jọ rẹ́rìn-ín nínú ilé yẹn.

Nígbà tí ẹ̀rín lọ sílẹ̀, ọmọ náà tún wo àwòrán náà, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìyá òun wá bá òun níbi iṣẹ́, tó ń bèèrè nípa ara wúwo àti òógùn àárọ̀. Ìyá náà ní ọ̀rẹ́ òun kan ló ń ṣe.

"Ṣáájú ọjọ́ fọ́ọ̀mù yìí ni àbí lẹ́yìn rẹ̀?" ni bàbá rẹ̀ bèèrè.

Ọmọ náà ronú títí. Kò rántí. Ó lè jẹ́ ọjọ́ Ajé, ó lè jẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún nítorí pé kò rántí, bàbá rẹ̀ sì ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún pé kò sí ẹni tó lè rántí, pé àwọn ọjọ́ náà ò dá ara wọn mọ̀.

Nígbà tó nu ojú tán, ó sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ láti ọjọ́ tí Àṣá ti yọ̀ níwájú ilé.

"Bàámi, èwo lẹ mú, èwo lẹ fi sílẹ̀, kò kàn mí. Èyí tó bá lè dúró nígbà tẹ́ ẹ bá ní kó dúró ni kẹ́ ẹ gùn. Ẹ̀yin nìkan ló kù fún mi."

Ó lọ. Onígíláàsì fọ ife méjèèjì. Ó rò ó síwájú, kò ṣeé lọ. Ó rò ó sẹ́yìn, kò ṣeé padà sí. Ó gbé awò tó wà nínú ìwé orin ìyàwó rẹ̀, ó fi sójú ara rẹ̀, gbogbo ilé sì dà bí ohun tó wà nísàlẹ̀ odò. Ó yọ ọ́, ó dá a padà sí ojú ewé tó wà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Ìyá Sípánà ń ṣí ilẹ̀kùn gáréèjì lọ́wọ́ nígbà tí Àṣá dé. Onígíláàsì kí i, ó sì ní kó yá òun ní sípánà òrùka. Ìyá Sípánà mú un fún un. Onígíláàsì dọ̀bálẹ̀ sórí páálí tòun ti ẹ̀wù tó mọ́ lára rẹ̀. Eyín keje sí ìkẹfà le, ipata ti dì í mú láti ọdún méjìlélógún. Ó fi gbogbo agbára fà á kó tó dún. Ìkarùn-ún. Ìkẹrin. Ó sinmi níbẹ̀ díẹ̀. Ìkẹta. Ìkejì. Nígbà tó dìde, ìdí Àṣá ti lọ sílẹ̀, bí ẹni tó dúró pẹ́ tí wọ́n wá ní kó jókòó.

Ó de akoto, ó gun orí rẹ̀, ó tan iná sí i. Ó dúró. Ó ka ọ̀kan, ó ka èjì nínú ọkàn rẹ̀, ó gbéra.

Ojú títì òkè ló gbà. Kòtò àkọ́kọ́ kọjá lábẹ́ rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn gbé itọ́ mì. Kọ́nà tó wà níbi táǹkì omi, èyí tó ti ń bẹ̀rù láti oṣù mẹ́jọ, Àṣá dúró dè é, ó gbọ́ ohun tó fẹ́, ó tẹ apá kan sílẹ̀, ó sì ṣẹ́ ẹ bó ṣe máa ń ṣẹ́ ẹ nígbà tí wọ́n jẹ́ méjì. Ó tẹ bíréèkì ní ojú títì gbalasa, ó tẹ̀ ẹ́ gidi. Ìdí Àṣá ò lọ síbì kan. Àṣá ò tíì darúgbó. Ibi tí kò sẹ́ni lẹ́yìn rẹ̀ mọ́ nìkan ló ń wúwo.

Ó jókòó sí ẹsẹ̀ táǹkì omi, kò gbé tíì dání. Ó rò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Bóyá ojú Kò-sáré-tó ló ṣàṣìṣe lórí fọ́ọ̀mù, bóyá kò ṣàṣìṣe. Bó bá ṣàṣìṣe, a jẹ́ pé kò ránṣẹ́ kankan. Bí kò bá ṣàṣìṣe, ohun tó fẹ́ kí òun kọ́ ni bí wọ́n ṣe ń dá jókòó. Ṣé dandan ni kó jẹ́ orí ohun tuntun ni òun á ti kọ́ ọ? Orí Àṣá náà ni òun á ti kọ́ ọ. Nípa ti pàṣípààrọ̀ tó kọ, ìyẹn ò yé e, ó sì jọ pé kò ní yé e láéláé. Ó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó pe ilé ìtajà. Ó ní kí wọ́n fún ẹni tó kàn lórí ìwé.

"Ṣé ó dá yín lójú, sà?" ni ọkùnrin olóhùn gaara náà bèèrè.

"Kò dá mi lójú," ni Onígíláàsì wí. "Ẹ ṣáà fún un."

Nígbà tó padà dé gáréèjì, ó ní kí Ìyá Sípánà bá òun pààrọ̀ bíréèkì iwájú àti tẹ̀yìn sí tuntun, kí ó sì yọ ti àtijọ́ fún òun kí òun lè fi han ọmọ òun. Ìyá Sípánà ní ó dára. Ó bèèrè bó ṣe rìn. Onígíláàsì ní ó rìn dáadáa, pé kò rìn dáadáa tó báyẹn rí.

Lẹ́yìn náà ni ó tún mú sípánà, ó tún padà dọ̀bálẹ̀ sórí páálí. Ìyá Sípánà gbọ́ tí òrùka dún lẹ́ẹ̀kan. Ó bẹ̀rẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó rí i pé ó ti kúrò ní eyín kejì, ó ti wà ní ìkẹta.

"Ẹ ti gbé e sókè," ni ó wí. "Ìkejì ló yẹ yín."

"Mo mọ̀."

"Eyín kan tẹ́ ẹ fi kún un yẹn ò gbé ẹnikẹ́ni o."

"Mo mọ̀," ni Onígíláàsì wí láti ilẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu gírísì kúrò lára òrùka náà, ó sì dá sípánà padà.